Ọmọrí Tí Mo Díréètì

Wọ́n ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé. Wọ́n tún ní kí n fi ẹ̀rín sọ ọ́, kí n má bínú. Ẹ̀rín wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú náà wà ńbẹ̀, mi ò sì ní torí ọ̀kan fi èkejì pamọ́. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe nílùú Warri yìí. Obìnrin ni mí. Ẹni tí inú rẹ̀ ò bá dùn sí i, kó lọ forí sọ póòlù.

Rísíkátù lorúkọ tí bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Igbudu tí ẹ bèèrè Rísíkátù, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ bèèrè Mama Spin. Ọmọ ọdún márùn-ún á mú yín dé ẹnu ọ̀nà mi.

Ìjẹ̀bú ni bàbá mi. Abọ́ tánganran ló ń tà lọ́jà Igbudu kí wọ́n tó bí mi, ó sì ti pinnu pé èmi ni màá jogún ìsọ̀ náà. Ẹ̀yìn ìsọ̀ yẹn gan-an ni Ọ̀gá Mùfútàù ní ṣọ́ọ̀bù sí, Ìjẹ̀bú bíi tiwa, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe fún àwọn òyìnbó nínú ọgbà wọn kó tó wá dá dúró. Èmi á jókòó ti abọ́, etí mi á wà lẹ́yìn. Màá gbọ́ bí ẹ̀rọ á ṣe máa kùn, á lọ́ra kó tó gbéra, lójijì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí fìrìrì. Inú mi á dùn bíi pé èmi ni mo tún un ṣe. Ọjọ́ tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ yẹn ni màá kọ́.

Ó ní, "Rísí, ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn gíríìsì?"

Mo ní, "Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá dọ̀tí ni, Bàbá."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tún bá mi jiyàn mọ́. Ọ̀gá Mùfútàù ló wá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọkùnrin lòun ń gbà, pé obìnrin á jẹ́ kí gèlè kó sí bẹ́líìtì. Mo ní kí ó gbà mí fún ọ̀sẹ̀ kan, bí mo bá sunkún, kó lé mi. Mi ò sunkún. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn, kò sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, torí ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní nìyẹn. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan sukurudáífà. Ọ̀gá á tan ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn, á ní kí àwa ọmọ iṣẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i, kí a dijú. Á wá bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Kí ló ń ṣe é?"

Bí ẹ̀rọ bá ń kùn hùn-ùn tí kò yí, má sọ pé mótò rẹ̀ ti kú. Ó fẹ́ yí, ẹni tó máa tì í ni kò rí. Ohun tó ń tì í lẹ́ẹ̀kíní, agolo kékeré kan tí à ń pè ní kàpásítọ̀ ni. Bí o bá ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ tó sì gbéra, o ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bó bá dákẹ́ lọ gbári, iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, lọ wo wáyà àti súwíìṣì. Bó bá ń han bíi pé èèyàn ń lọ òkúta lórí ọlọ, bẹ́ríìnì rẹ̀ ti jẹ. Bó bá ń yí dáadáa tí aṣọ sì ń jáde pẹ̀lú omi lára, bóyá bíréékì ló ń dì í mú, bóyá bẹ́líìtì ló dẹ̀, bóyá omi ni kò rọ́nà jáde. Ṣùgbọ́n bó bá ń rùn bí ìyẹ́ adìyẹ tó jóná, ẹ ṣí fìlà, mótò ti papò dà.

Ẹni tó bá ṣì í, ọ̀gá ní bẹ́líìtì gbígbó kan tó máa ń fi na àtẹ́lẹwọ́ wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ bẹ́líìtì ju ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wa tí ń jẹ́ Sùnmọ́nù bi í léèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé a ò kúkú lè tú u ká wo inú rẹ̀ ni?"

Ọ̀gá ní, "Bí inú bá ń run ìyá rẹ, ṣé ọ̀bẹ lo máa kọ́kọ́ mú àbí o máa bi í pé ibo ló ń dùn ún?"

Mo bínú sí ọ̀gá nígbà náà, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí mo ń gbọ́ ọ, tó ní n kò tíì gbọ́ ọ tó. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ tirẹ̀ a máa dá inú rú.

Òfin kan ló wá ga ju gbogbo òfin lọ. Ẹ̀rọ ayé àtijọ́ tí a mọ̀ ní Warri, ihò méjì ló ní. Ọ̀kan ń fọ aṣọ, èkejì ní agbọ̀n tó ń yí fìrìrì láti fún omi ara aṣọ dà nù, èyí tí òyìnbó ń pè ní spin. Agbọ̀n yẹn ní ọmọrí, súwíìṣì kékeré kan sì wà lábẹ́ ọmọrí. Bí o bá ṣí ọmọrí, súwíìṣì á já iná, bíréékì á sì di agbọ̀n mú kó dúró. Atẹ́gùn odò ibí yìí a máa jẹ súwíìṣì náà, àtirí òmíràn rà sì le. Nítorí náà, kí ni àwọn oníṣẹ́ wa máa ń ṣe? Wọ́n á gé wáyà méjèèjì tó wọ inú súwíìṣì, wọ́n á lọ́ wọn pọ̀, iná á máa lọ tààrà. Òun la mọ̀ sí díréètì. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́, oníbàárà á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, o lè ṣí ọmọrí kí agbọ̀n ṣì máa yí.

Ọ̀gá kórìíra díréètì ju olè lọ. Lọ́jọ́ tí a gba fírídọ́ọ̀mù, tí àwọn òbí wa ti jókòó, tí ìyá mi ti gbé ìrẹsì dé, kò kọ́kọ́ ṣàdúrà. Ó gbé ẹ̀rọ kan síwájú, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ọwọ́ lé ọmọrí rẹ̀, kí ó wí lójú gbogbo èèyàn pé òun ò ní díréètì ọmọrí láyé òun. Mo gbé ọwọ́ mi lé e. Mo wí i lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn mi ló sì ròkè jù.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Igbudu níbẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ọdún àkọ́kọ́, àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á yọjú wo ẹ̀yìn mi, wọ́n á ní, "Madam, where your oga?"

Màá ní, "Na me be oga."

Àwọn kan á yí padà. Kí wọ́n máa lọ! Ìgbà tó yá ni ilé ìtura kan gbé ẹ̀rọ wọn wá. Ọkùnrin mẹ́ta ti wò ó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní mótò ti kú. Mo tan án, ó kùn, kò yí. Mo pa iná, mo fọwọ́ yí agbọ̀n, agbọ̀n ò mira. Mo ní, "Mótò ò kú o. Nǹkan ló dì í lẹ́sẹ̀." Mo tú agbọ̀n, mo fa irin inú kọ́mú kan jáde níbẹ̀, gígùn rẹ̀ tó ìka mi. Máníjà ilé ìtura náà, ojú tì í débi pé kò lè wò mí. Mo fi irin náà kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù fún ọdún méjì kí àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa rí i tí wọ́n bá ń kọjá. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Mama Spin, orí mi sì wú. Orí mi wú gan-an ni, ibẹ̀ ni ọ̀ràn sì ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin Ìlàjẹ kan wà, Màmá Orímisàn. Opó ni. Aṣọ fífọ̀ ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́rin nínú ilé pákó kan létí omi. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbé iṣẹ́ fún mi láìbèèrè ọ̀gá mi. Ó ní, "Bí ọwọ́ obìnrin bá lè fọ aṣọ, ó lè tún ohun tó ń fọ̀ ọ́ ṣe." Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ìyá. Ẹ̀rọ oníhò méjì ló ní, ó ti gbó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le.

Lọ́jọ́ ajé kan, ó rán wá pè mí. Agbọ̀n ò yí mọ́. Mo gbọ́ ọ, ó dákẹ́ lọ gbári. Mo wo abẹ́ ọmọrí, súwíìṣì ti jẹ tán, ó ti di ìyẹ̀fun. Mo yẹ bíréékì wò, òun náà ti ń jẹ lọ, ó ń yọ̀. Mo sọ fún un pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n ránṣẹ́ wá súwíìṣì ní Èkó.

Ó di orí mú. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì ilé àlejò kan ló kún ilẹ̀ bámúbámú, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ ẹ, bí kò bá sì ṣe é, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún, oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ sì nìyẹn. Ó ní, "Rísí, ọmọ mi, wọ́n ní ẹ máa ń díréètì ẹ̀. Bá mi díréètì ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn."

Mo rántí ẹ̀jẹ́ mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo gbàgbé. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì tún sọ lọ́kàn mi pé àwọn tí ọ̀gá ń sọ, àwọn tí kò gbọ́n ni, pé èmi mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo gé wáyà, mo lọ́ ọ pọ̀, mo fi téèpù dì í. Agbọ̀n yí fìrìrì. Màmá gbá mi mọ́ra.

Mo ní, "Kò séwu, Màmá. Ẹ sáà ti jẹ́ kó dúró tán kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Ẹni tó ní bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì bámúbámú nílẹ̀, ta ló ń dúró de agbọ̀n? Ọjọ́rú, lọ́sàn-án, Fúnmi ọmọ rẹ̀ obìnrin sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi láìwọ bàtà. "Mama Spin, come o! Machine don hold Mama hand!"

Mi ò lè ròyìn bí mo ṣe débẹ̀. Etí ṣíìtì kan ló yọ síta, Màmá ṣí ọmọrí, ó fẹ́ tì í wọlé, ṣíìtì sì lọ́ mọ́ ọwọ́ rẹ̀, agbọ̀n sì ń yí lọ torí pé èmi Rísíkátù ti sọ fún iná pé kó máa lọ. Ìka méjì lọ nínú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìfábẹ̀lá àti àárín. Ọrùn ọwọ́ ṣẹ́. Ní ọsibítù, mo dúró lẹ́bàá ibùsùn. Màmá la ojú, ó wò mí, ó ní, "O ní kò séwu."

Ìbá bú mi! Ìbá ní kí wọ́n mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá! Títí dòní, bí mo bá dá wà, mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀gá Mùfútàù gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò jókòó. Ó yọ ìwé fírídọ́ọ̀mù mi lára ògiri, ó ká a, ó tì í bọ àpò. Ó ní, "Ti ilẹ̀kùn yìí pa. Lọ́la, kí o wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì."

Mo ti bí ọmọ méjì nígbà yẹn. Ọdún kan gbáko ni mo fi padà di ọmọ iṣẹ́. Mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, mo dijú bí ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Àwọn ará ọjà ń kọjá, wọ́n ń pariwo, "Mama Spin don turn small pikin!" Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí mo fi irin kọ́mú pa láyò, ẹ̀rín ló fẹ́ pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kó lọ sí Sapele, kí n fi orúkọ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Mo ní rárá. Warri ni mo ti ṣe é, Warri ni màá ti jẹ ẹ́ tán. Ẹni bá ní kí n sá, òun ni kó sá. Oníbàárà tó bá sì bi mí pé kí ló gbé mi padà sórí bẹ́ǹṣì, màá sọ ohun tí mo ṣe fún un, láì yọ ọ̀kan kúrò.

Lọ́jọọjọ́ Sátidé, mo ń lọ sílé Màmá Orímisàn. Ẹ̀rọ yẹn wà níta lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fi tapólì bò ó. Màmá á fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí ọpọ́n aṣọ, màá jókòó, màá fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin, ó ní òun ti dárí jì mí nítorí Ọlọ́run. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ẹnu kọ́ ni mò ń wá. Ìka mẹ́ta ló kù fún un lọ́wọ́ ọ̀tún tó fi ń jẹun, ọwọ́ yẹn ò lè fún ṣíìtì mọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ó jẹ́ kí n tún ẹ̀rọ náà ṣe bó ṣe yẹ. Ó ní, "Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan yẹn mọ́ láyé mi." Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Mo sì sọ fún ara mi pé títí Màmá Orímisàn á fi fọwọ́ ara rẹ̀ kan iṣẹ́ ọwọ́ mi, mi ò tíì gba fírídọ́ọ̀mù. Ìwé tí ọ̀gá dá padà fún mi lópin ọdún, inú àpótí ni mo fi sí. Mi ò gbé e kọ́ mọ́.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn ará yòókù ti Warri kọ̀, wọn ò kọ́gbọ́n kankan. Láti ìgbà tí mo tún ṣọ́ọ̀bù mi ṣí, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í bẹ̀ mí kí n díréètì. Olówó kan wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan tòun ti dírẹ́bà rẹ̀, ó ní ọmọrí ń dá òun lágara, kí n díréètì kíá, òun ń kánjú. Mo ní mi ò ṣe é.

Ó ní, "Madam, na my machine."

Mo ní, "Na your machine. Na my hand."

Ó ní òun á rí i pé kò sí ẹni tó máa gbé iṣẹ́ fún mi mọ́ ní gbogbo àdúgbò. Ó sì gbìyànjú dáadáa, torí ọdún yẹn gbẹ. Nígbà tí mo dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ pé ká fòfin de díréètì ọmọrí, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé alága ń nu ojú. Ẹnì kan ní, "Nítorí ìka méjì?" Mo ní kó na tirẹ̀ síta kí n gé méjì, ká wo bóyá ó kéré. Wọ́n lé mi jáde nínú ìpàdé. Mo padà lọ lóṣù kejì, mo tún sọ ọ́. Ẹnu wọn ló rẹ̀, kò rẹ tèmi.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Gílóòbù kan tí a so wáyà méjì mọ́ ni ọ̀gá fi kọ́ wa láti mọ ibi tí iná dé. Lẹ́yìn náà ni mítà àfọwọ́mú tó ń wọn iná dé, mo rà á, mo kọ́ ọ, mi ò bá a jà. Àwọn ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ń dá ṣí omi fúnra wọn dé, mo kọ́ ìyẹn náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó ní bóòdù nínú dé, tó jẹ́ pé bí nǹkan bá ṣe wọ́n, wọ́n á kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sójú. Ọmọkùnrin kan gbé ọ̀kan wá, ó na fóònù sí mi lójú. Ó ní, "Mama, e show error. Na board. Make we change am." Mo ní kó pa ẹnu mọ́ ná, kó jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Àwọn ẹyọ kábọ̀nù méjì tó ń fi ara ra ẹ̀yìn mótò ló ti jẹ kù bí èékánná, ó ń ta ṣàṣàṣà. A pààrọ̀ kábọ̀nù, bóòdù tí ó fẹ́ jù nù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Mi ò kórìíra fóònù o. Ohun tí mo kórìíra ni kí ènìyàn ní etí méjì kó má lò ó.

Ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ yìí dára fún ọmọ. Mi ò ní tàn yín. Á rùn lára yín, ẹ̀yìn á dùn yín, àwọn tí kò mọ nǹkan kan á máa pàṣẹ fún yín. Ìka yín lè lọ, ìyẹn ò tó ohun tó burú jù, torí ìka ẹlòmíràn náà lè ti ọwọ́ yín lọ. Bí o bá mọ̀ pé o ò lè sọ fún olówó pé rárá, lọ ta abọ́. Ọlọ́run á bù kún un.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ mi ní kí n sinmi, orúnkún mi ò gbé mi mọ́. Mo ní ẹ̀rọ kan ló kù. Wọ́n mọ èyí tí mò ń wí. Mo ti ń wá súwíìṣì ẹ̀rọ yẹn láti ọdún tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, irú tirẹ̀ gan-an, torí ayédèrú ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Èkó. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé wọ́n ń palẹ̀ àwọn ilé àtijọ́ kan mọ́ ní Ijala, pé ẹ̀rọ ìfọṣọ pọ̀ nínú pàǹtí ibẹ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo bẹ̀rẹ̀ yọjú sínú ẹ̀rọ nínú oòrùn. Ẹlẹ́ẹ̀kejọ ló ní súwíìṣì tó mọ́ kedere.

Fúnmi ló jẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ lọ, Màmá ò mọ̀. Páànù ìta ti jẹ, mo yọ ọ́, mo fi òmíràn sí i. Mo pààrọ̀ bẹ́ríìnì àti rọ́bà ìdí agbọ̀n, mo tún bíréékì dè títí tí agbọ̀n fi ń dúró kí n tó ka ẹẹ́ta. Wáyà tí mo fọwọ́ ara mi lọ́ pọ̀, mo tú u. Ẹkún ni mo sun, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹkún gidi.

Màmá Orímisàn ń gbé lọ́dọ̀ Fúnmi báyìí, ní Ekurede-Urhobo. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. A gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ sí fàráńdà lówùúrọ̀ Sátidé kan. Bó ṣe rí i, ó yí ojú kúrò.

Fúnmi ní, "I tell you. Mama no go touch am."

Mo rọ omi àti aṣọ díẹ̀ sí i, mo tan án, mo jẹ́ kí agbọ̀n gbéra dáadáa. Màmá gbọ́ ìró rẹ̀, ó yí padà díẹ̀.

Ó ní, "Bí èèyàn bá ṣí i ńkọ́?"

"Á dúró, Màmá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

Ó ní, "Ìwọ náà lo sọ pé kò séwu."

Mo ṣí ọmọrí, mo sì ki ọwọ́ ọ̀tún mi bọ agbọ̀n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fúnmi pariwo. Agbọ̀n ti dúró kí ìka mi tó kan aṣọ. Mo dé e, mo tún jẹ́ kó gbéra, mo tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni Màmá ní, "Ó tó."

Ó dìde. Kò jẹ́ kí Fúnmi di òun mú. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó rì í bọ omi nínú korobá, ó jù ú sínú agbọ̀n, ó dé ọmọrí, ó sì fúnra rẹ̀ yí bọ́tìnnì. Ó dúró tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń yí. Lójijì ó ṣí ọmọrí, ó ki ọwọ́ oníka mẹ́ta yẹn bọ inú rẹ̀, ó sì fa ìborùn jáde. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ sì le koko bíi ti oníbàárà tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ.

Ó ní, "Kò gbẹ tó. Tún un fún."